Ooru Mú: Ta Ni Ó Mú?

 

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tó ti di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń kọ ìròyìn báyìí, fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní, "Prof, ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo Yorùbá yìí bóyá ó já gaara: Ooru ti jẹ ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ajé Nàìjíríà." Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì. Gírámà rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Àmọ́ mo bi í léèrè pé, "Ìgbà wo ló jẹ ẹ́? Ti ta ló jẹ?" Kò rí ìdáhùn. Mo ní kó fi ìwádìí náà gan-an ránṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́, mo sì ti ń kà á láti ìgbà náà, pẹ̀lú èyí tí àwọn kan kọ ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí àwọn mìíràn fi ta kò ó.

Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀ ajé o. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní fonọ́lọ́jì mọ̀ pé tí ìṣirò bá ti le díẹ̀, ọmọ mi ni mo máa ń pè. Ṣùgbọ́n kò sí ìṣirò tí kì í wọ aṣọ ọ̀rọ̀ kó tó jáde síta, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ tèmi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí ni kí n yẹ ìwádìí yìí wò, kí n sọ ibi tó dára, kí n sì sọ ibi tí n kò ti lè tẹ̀ lé e.

Ohun tí ìwádìí náà sọ

Noah Diffenbaugh àti Marshall Burke, tí àwọn méjèèjì wà ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n kọ ọ́. Ó jáde nínú jọ́nà PNAS ní 2019. Ìbéèrè wọn ni pé: ká ní ènìyàn kò mú kí ilé ayé gbóná ni, báwo ni owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ì bá ti rí láàárín 1961 sí 2010? Ìdáhùn wọn ni pé owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. Ti Íńdíà jẹ́ ìdá 31. Ti Norway, tí òtútù ń mú ní tiwọn, ńṣe ló fi ìdá 34 pọ̀ sí i. Wọ́n tún sọ pé àlàfo tó wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tó lówó jù àti àwọn tó tálákà jù fi nǹkan bí ìdá 25 fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ibo ni wọ́n ti rí i? Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ kan tí Burke, Solomon Hsiang àti Edward Miguel gbé jáde nínú Nature ní 2015. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 166 jọ, láti 1960 sí 2010. Wọn kò fi Nàìjíríà wé Norway. Nàìjíríà ni wọ́n fi wé Nàìjíríà: ní ọdún tí ooru ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọrọ̀ ajé lọ́dún náà? Wọ́n rí i pé tí ìwọ̀n ooru ọdún kan ní orílẹ̀-èdè bá wà lábẹ́ 13°C, ooru díẹ̀ sí i ń ṣe ọrọ̀ ajé lóore. Tó bá ti kọjá 13, ooru ń fà á sẹ́yìn, bó sì ṣe ń gbóná sí i ni ìfàsẹ́yìn náà ń le sí i. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìgbà wo ni Ìbàdàn rí 13 rí, yàtọ̀ sí inú fíríìjì?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yìn nìyẹn. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kan máa ń fi ilẹ̀ olóoru wé ilẹ̀ olótùútù, wọn a ní ooru ló sọ wá di ọ̀lẹ. Ẹ mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí. Wọn kì í ka òwò ẹrú mọ́ ọn, wọn kì í ka ìjọba amúnisìn mọ́ ọn. Ìwádìí tó fi orílẹ̀-èdè wé ara rẹ̀ kò rin ọ̀nà yẹn. Kì í sì í ṣe àwọn nìkan ni wọ́n rí ohun tí wọ́n rí. Ní 2012, Melissa Dell, Benjamin Jones àti Benjamin Olken ti gbé iṣẹ́ mìíràn jáde tó sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, tí ọdún kan bá fi 1°C gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbísí ọrọ̀ ajé ọdún náà máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, wọn kò rí irú rẹ̀. Nítorí náà, pé ooru ń ṣe wá níbi, mo gbà. Kò sí iyèméjì níbẹ̀.

"Ì bá" tó sọnù

Ẹ jẹ́ ká padà sí gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́ mi. "Ooru ti jẹ ìdá 29." Tí a bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, ohun tó máa wá sí wa lọ́kàn ni pé a ní nǹkan kan lọ́wọ́, eku wọlé, ó jẹ lára rẹ̀. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó sọ ni pé níbi tí à bá ti ní náírà 100, nǹkan bí 71 ni a ní. Náírà 29 náà kò fìgbà kan wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún èyí. "Ì bá" ni. "Ó kú" àti "ì bá kú" kì í ṣe ọgbọọgba. Ẹni tó gbé èkejì lọ sí ilé ìròyìn gẹ́gẹ́ bí èkíní, wọ́n máa mú un. Síbẹ̀, nígbà tí ìwádìí yìí jáde, púpọ̀ nínú àwọn tó ròyìn rẹ̀ ló já "ì bá" bọ́ lójú ọ̀nà. Òǹkàwé wá gbà pé àwọn kan ka owó tó sọnù. Kò sẹ́ni tó ka owó kankan. Ayé kan tí kò sí, ayé tí kò gbóná, ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò, tí wọ́n wá fi wé èyí tó wà. Kò sí ohun tó burú nínú bẹ́ẹ̀. Dókítà náà máa ń sọ pé ká ní o tètè wá ni, à bá ti mú un. Àmọ́ ó yẹ kí olùgbọ́ mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Ohun mìíràn tún wà tí "ti jẹ" fi pamọ́. Àádọ́ta ọdún ni ìdá 29 yìí fi kó jọ. Tí a bá pín in sí ọdún kọ̀ọ̀kan bí èlé orí èlé, kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ohun tí ń ṣe wá yìí kì í ṣe olè tó wọlé lóru ọjọ́ kan. Ó jọ omi tó ń jò lábẹ́ ìkòkò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì máa lọ ra àgádágodo, níbi tó yẹ kó ti pe amọ̀kòkò.

Èso ni tàbí igi?

Ibi tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé fúnra wọn ti ń bá ara wọn jà nìyí, mo sì rò pé ó tọ́ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo igi máńgòrò kan. Tí ooru bá pọ̀ lọ́dún kan, ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, kó so díẹ̀ lọ́dún yẹn, kó sì so dáadáa lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Èkejì, kí igi fúnra rẹ̀ ràn, kó má ga mọ́, débi pé kò ní lè so bó ṣe yẹ láéláé. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, àdánù náà kéré. Tó bá jẹ́ ti èkejì, àdánù ọdún kan ń gun orí ti èkejì, ó ń di òkè. Ìdá 29 duro lórí pé ti èkejì ni: igi ló ràn.

Ní 2021, Richard Newell, Brian Prest àti Steven Sexton gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ti fi àkọsílẹ̀ irú èyí gbìyànjú ìlànà ìṣirò tó tó 800. Wọ́n rí i pé tí a bá gbà pé èso nìkan ni ooru ń dín kù, àdánù gbogbo àgbáyé ní ìparí ọ̀rúndún yìí kò ju nǹkan bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Tí a bá gbà pé igi ló ń ràn, ìdáhùn á gbòòrò débi pé àdánù ńlá wà nínú rẹ̀, èrè ńlá náà sì wà nínú rẹ̀. Ìyẹn ni pé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè nìkan kò lè dá ẹjọ́ náà.

Kí ló wá lè dá a? Ní tèmi, ilé ènìyàn ni. Tí ọdún kan bá gbóná, tí ẹnì kan pàdánù owó ọ̀sẹ̀ méjì, tó sì padà rí i, èso ló jábọ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá ta ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ kó tó lè bọ́ àwọn ọmọ, tàbí tí ó mú ọmọ kan kúrò níléèwé, igi ló gé yẹn. Ọmọ tó kúrò ní ìwé mẹ́rin kì í padà wá sí ìwé márùn-ún nítorí pé òjò ti rọ̀. Èyí ni ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi, ìwádìí tó dúró lórí òkè orílẹ̀-èdè kò sì lè rí i láti ibẹ̀.

Òṣùwọ̀n tó ń gùn

Ohun tí wọ́n fi wọn ọrọ̀ ajé nínú ìwádìí yìí ni GDP, ìyẹn àpapọ̀ iye ọjà àti iṣẹ́ tí orílẹ̀-èdè pèsè láàárín ọdún kan, tí wọ́n pín sí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2014. NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa, yí ọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò kúrò ní 1990, wọ́n gbé e wá sí 2010. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, GDP wa ti 2013 fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ó di nǹkan bíi bílíọ̀nù 510 dọ́là, a sì ré South Africa kọjá. Mo rántí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn kú oríire lórí rédíò. Ní ilé tiwa, ìkòkò ìrẹsì kò fi ẹyọ kan pọ̀ sí i.

Àwọn olùwádìí yìí lè dá mi lóhùn pé ìbísí láti ọdún dé ọdún ni àwọn ń lò, pé kì í ṣe iye àpapọ̀, àti pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014 kò bá 1961 sí 2010 tan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nílẹ̀ wa, fóònù, fíìmù, káràkátà, ni òṣùwọ̀n náà kò kà tán. Tí òṣùwọ̀n kò bá kà ọ́ nígbà tí o ń ṣiṣẹ́, báwo ló ṣe máa mọ̀ nígbà tí ooru bá dá ọ dúró?

Ẹni tí ooru mú

Mo wá dé ibi tí iṣẹ́ tèmi ti wọ ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Tí Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ooru, ojú ọjọ́ ló máa ń sọ pé ó gbóná, tàbí kí ẹnì kan sọ pé òun gbóná. Yorùbá kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní "mo gbóná," inú ló ń bí mi. Tí "ara mi bá gbóná," ẹ gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ohun tí a ń sọ ni "ooru ń mú mi." Ooru ni olùwà, ènìyàn ni àbọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa mí, òùngbẹ ń gbẹ mí, òtútù ń mú mi. Nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, a kì í mẹ́nu ba ìyà ooru kí a má sọ ẹni tó ń jẹ ẹ́.

Nínú ìwádìí yìí, ooru jẹ́ ti ọdún àti ti orílẹ̀-èdè. Wọ́n pa ti Sókótó pọ̀ mọ́ ti Èkó, wọ́n pa ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru, wọ́n pa ọyẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, nọ́ńbà kan ṣoṣo jáde fún odidi ọdún. Ní February 2024, ooru kan mú gúúsù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ẹ̀yin náà á rántí. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní tí a bá ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ ooru, bó ṣe ń rí lára ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 50°C ní àpapọ̀, ó sì dé 60 ní ibòmíràn. Wọ́n ní ìgbóná tí ènìyàn dá sílẹ̀ mú kí irú rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́wàá rọrùn láti ṣẹlẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá fi ìwọ̀n ooru gbogbo ọdún 2024 pa á pọ̀, oṣù náà á rì sínú rẹ̀ bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀.

Iṣẹ́ kan tó sún mọ́ ohun tí mò ń wí ni èyí tí àjọ ILO, tó ń mójútó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, gbé jáde ní 2019. Wákàtí iṣẹ́ ni wọ́n kà, wọn kò ka owó orílẹ̀-èdè. Wọ́n ní tó bá fi máa di 2030, ooru á ti gba ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí iṣẹ́ gbogbo ayé, tó dọ́gba pẹ̀lú iṣẹ́ ènìyàn mílíọ̀nù 80. Ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà nìkan máa jẹ́ ìdá 4.8. Wọ́n ní tí ooru bá dé 33 tàbí 34°C, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ agbára tó mọ níwọ̀n ti pàdánù ìdajì okun rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló sì máa ru èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 60 nínú gbogbo wákàtí tó máa ṣòfò.

Àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé ní òdìkejì ilé mi kò ka ìwé ILO. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọ́n á dáwọ́ dúró ní ọ̀sán, wọ́n á tún gbé e ní aago mẹ́rin. Ọ̀gá wọn rí iṣẹ́ rẹ̀ gbà pé. Ṣùgbọ́n lébìrà tó ń gba owó ọjọ́ kò lè dúró di aago mẹ́rin, nítorí ilé rẹ̀ jìnnà. Àbọ̀ owó ló ń gbà lọ sílé.

Ẹlòmíràn tí mo bá sọ̀rọ̀ ni ìyá tó ń dín àkàrà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Mo rò pé ìdí iná ni ooru ti ń dà á láàmú. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ti ìdí iná ti mọ́ mi lára. Ti alẹ́ ni mi ò lè fara dà. Yàrá kan ni wá, páànù ló wà lórí wa, gbogbo oòrùn tó ti mu látàárọ̀ ló máa ń dà lé wa lórí lóru. Àwọn ọmọ ò ní sùn, èmi náà ò ní sùn. Tí mi ò bá sùn, mi ò lè jí ní aago mẹ́rin lọ lọ ẹ̀wà. Tí mo bá fi máa dé ibí, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ti kọjá." Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ni èyí ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó ní lásìkò ooru, ó tó ẹ̀ẹ̀mejì. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń dín àkàrà. Ẹ̀yin tó mọ ìṣirò ju mí lọ, ẹ bá mi kà á: ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ọjà rẹ̀ ló bàjẹ́. Nínú GDP, kò tó ohun tí ojú lè rí.

Wọ́n ti ṣèwádìí oorun pàápàá. Kelton Minor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2022: ènìyàn tó ju 47,000 lọ ní orílẹ̀-èdè 68, tí wọ́n wọ ẹ̀rọ kan sí ọrùn ọwọ́ tó ń ka oorun wọn. Wọ́n rí i pé òru tó gbóná ń gé oorun kúrú, ó sì ń le jù fún àwọn àgbàlagbà àti àwọn tó wà ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń wọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní England ló rà á fún mi. Oorun tèmi, tí mo sùn lábẹ́ fáànù, ló lè wọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti alákàrà kò sí níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyà náà ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ.

Owó tí a fi ń sá fún ooru

Fáànù tí mo sọ yìí tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo rà á, èrè ẹni tó tà á fún mi wọ inú GDP. Owó ẹni tó gbé e wá wọ ibẹ̀. Tí iná bá lọ, tí mo tan jẹnẹrétọ̀, èrè oníbẹntiróòlù àti owó ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà wọ ibẹ̀. Bí ooru ṣe ń lé mi tó, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ná tó, àwọn kan sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa. Ní tèmi, n kò sàn ju bí mo ṣe wà ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn lọ, nígbà tí fèrèsé ṣíṣí tó mi. Mò ń sanwó kí n lè wà níbi tí mo ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Owó náà kò sì kéré. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A láti nǹkan bí náírà 68 lọ sí 225 fún ìwọ̀n kan. Owó bẹntiróòlù ti fò sókè ṣáájú ìgbà náà, láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní May 2023. Èmi tí mo ní owó ìfẹ̀yìntì, bó ti wù kó kéré, mò ń ráhùn. NBS sọ pé ní 2019, ìdá 56.65 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí àwọn ìdílé ń ná ní Nàìjíríà ló ń lọ sórí oúnjẹ. Ẹni tó bá ti ná ju ìdajì sórí oúnjẹ, inú oúnjẹ ló ti máa yọ owó omi tútù àti yìnyín. Kò sí ibòmíràn tó ti lè yọ ọ́.

Oúnjẹ fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní 2011, David Lobell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àbájáde oko àgbàdo tó ju 20,000 lọ wò ní Áfíríkà. Wọ́n rí i pé fún díígíríì kọ̀ọ̀kan tí ooru fi kọjá 30°C ní ọjọ́ kan, àgbàdo á dín kù ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, bí òjò bá tilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Tí ọ̀dá bá wà, á di ìdá 1.7. Ooru wá mú ìdílé kan náà ní ọ̀nà mẹ́ta: ó gba ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n ra omi tútù, ó sì sọ ẹ̀kọ di ọ̀wọ́n.

Àṣìṣe tèmi

Mo ní láti jẹ́wọ́ ohun kan. Lọ́dún pípẹ́ sẹ́yìn, mo wà nínú ìgbìmọ̀ kan tó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún èdè àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé. A dé orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe bí GDP ṣe ń pọ̀ sí i. Èmi ni mo ní ká pè é ní "ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé." Ó dùn létí, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ẹnì kan nínú wa ta kò ó, ó ní ọmọ ló ń dàgbà, pé tí ọmọ bá dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dàgbà, orí rẹ̀ ń gbọ́n. Ó ní owó lè bí sí i lápá kan kí apá kejì máa rọ. Mo fi àgbà gbà á lẹ́nu. Òun ló jàre.

Tí ọ̀rọ̀ bá wà lọ́wọ́ mi lónìí, "ìbísí ọrọ̀" ni mo máa pè é, kí "ìdàgbàsókè" lè dúró fún ohun tó jẹ́. Èkejì rẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá nígbà tí wọ́n bá ń béèrè bí ìdílé ṣe ń gbé, kò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. A ti ní "àlàáfíà." Tí mo bá kí ẹ pé "ṣé àlàáfíà ni ilé wà?" mò ń béèrè bóyá ara yín le, bóyá ẹ rí jẹ, bóyá ẹ sùn, bóyá ọmọ lọ síléèwé. Ìwádìí ìdá 29 kò béèrè ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Ṣé ká wá jù ú nù ni? Rárá o. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní 2022, ní ìpàdé Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò láti dá owó àpò kan sílẹ̀ fún àdánù àti ìbàjẹ́ tí àyípadà ojú ọjọ́ ń fà. Irú ìwádìí yìí wà lára ohun tí a lè gbé lọ síbẹ̀. Àmọ́ tí a bá gbé "ooru ti jẹ ìdá 29" lọ, agbẹjọ́rò ẹnìkejì á fa ìwé Newell yọ, ẹjọ́ wa á rọ̀. Tí a bá sì ṣorí ire tí wọ́n san án, wọ́n á ṣírò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó orílẹ̀-èdè, Abuja ló máa gbà á. Páànù tó wà lórí alákàrà á ṣì wà níbẹ̀. Ìdájọ́ tèmi ni pé ọ̀nà tí iṣẹ́ náà kọjú sí tọ́, nọ́ńbà rẹ̀ kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀, ìyà inú ilé kò sì sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó ìtanràn ní láti lọ ka ti inú ilé náà.

Mo fi gbólóhùn tèmi ránṣẹ́ padà sí akẹ́kọ̀ọ́ mi: "Ìwádìí kan sọ pé ká ní ènìyàn kò mú kí ayé gbóná ni, níbi tí ọmọ Nàìjíríà ti rí náírà 71 ní 2010, ì bá ti rí nǹkan bí 100." Ó ní, "Prof, ó ti gùn jù fún àkọlé, sà." Mo ní kó gé ohun tó bá wù ú, kó sáà má gé "ì bá." Nígbà tó jáde, mo rí i pé ó ti yọ "ìwádìí kan sọ pé." Mo ti pè é lórí ìyẹn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni níléèwé, mo bẹ̀ yín, ẹ fún àwọn ọmọ ní ìwé kékeré kan lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kí wọ́n kọ iye wákàtí tí wọ́n sùn, ọjọ́ tí ìyá tàbí bàbá kò lè lọ síbi iṣẹ́, àti iye tí ilé wọn fi ra omi tútù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ má fi orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Ọmọ mi á bá mi ṣírò rẹ̀.

Ó dìgbà kan ná.